Mo ná mọ́tò asáré, wọn ò pè mí padà

Ẹ̀kọ́ òwò tí mo kà já mi kulẹ̀ lónìí.

Mo wa mọ́tò mi tó ti gbó láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, mo lọ ná mọ́tò asáré tuntun kan tówó rẹ̀ ò ga jù. Ẹni tó ń tà á dárúkọ owó, mo ní kó gba ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò mà ni, kì í ṣe tòmátì."

Mo bínú jáde, mo rọra ń rìn kó lè pè mí padà. Kò pè. Mo dúró ní géètì, mò ń so okùn bàtà tí ò tú. Kò pè.

Ni mo bá wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi tì. Mo padà wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kọ́kọ́rọ́ yín wà lórí tábìlì mi, kí ni mo tún fẹ́ pè yín fún?"

Mo ṣì fẹ́ mọ́tò yẹn o! Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ojú wo ni kí n fi padà lọ lọ́la?