Ọjọ́ Tí Aránṣọ Ṣe Àmín sí Ẹ̀fẹ̀ Mi

Tí mo bá rántí ọjọ́ tí a jáde ilé ìwé ní Ifangni, ohùn àwọn àgbà ló máa ń kọ́kọ́ dún létí mi, àwọn Mùsùlùmí ń ṣe "Àmín," àwọn tó kù ń ṣe "Àṣẹ," lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú kíláàsì wa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí Dàhòmì gba òmìnira. Àwa mẹ́rìnlá la wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún ni ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí pé láyé ìgbà yẹn, ọmọ á kọ́kọ́ dàgbà lóko kí wọ́n tó rántí pé ilé ìwé wà. A ti ṣe ìdánwò sẹtifíkà tí a fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èsì ti jáde, a sì ń rìn nígboro bí ẹni pé àwa ni àwọn òyìnbó Faransé fi ìlú lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ.

Olùkọ́ wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mẹ́tìrì, ló mú àṣà kan bọ̀ láti ibi tó ti kàwé. Ó ní níbẹ̀, bí kíláàsì kan bá fẹ́ jáde, ẹnì kan nínú wọn á fi ẹ̀fẹ̀ dágbére fún àwọn yòókù, á sì sọ ohun tí olúkúlùkù máa dà lọ́jọ́ iwájú. Èmi ló yàn. Kì í ṣe pé ìwé mi dára jù. Ẹnu mi ló mú jù. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu mi ni yóò pa mí. Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò pa.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ dára jù ni ọmọ aránṣọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe ipò kìíní tí mò ń ṣe ipò kejì. Nínú àpèkọ, bí mo bá ní àṣìṣe mẹ́ta, tirẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ, kì í sì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tó tún ń dùn mí jù. Lọ́dún yẹn, àyè ẹyọ kan ni ìjọba fún ilé ìwé wa, fún ẹni tí yóò lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Òun ni àyè náà tọ́ sí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì. Mùsùlùmí ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń kùn sí i létí pé ọmọbìnrin tó bá dá lọ sí Àjàṣẹ́, ìwé nìkan kọ́ ni yóò kó bọ̀. Ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì gbà. Ó tilẹ̀ ti rán aṣọ ilé ìwé méjì sílẹ̀ fún un.

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ẹ̀fẹ̀ mi ní èdè Faransé. Mo ní ọ̀rẹ́ wa tó máa ń sùn ní kíláàsì yóò di mínísítà, nítorí a ti gbọ́ pé àga ibẹ̀ rọ̀. Mo ní ẹni tó láwun jù, tí kì í fún èèyàn ní gààrì, yóò di aṣọ́bodè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sá jù yóò di onífàyàwọ́. Àwọn méjèèjì yóò sì máa lé ara wọn kiri lójú ọ̀nà Nàìjíríà títí wọn yóò fi hu ewú. Nígbà tí mo dé orí ọmọ aránṣọ, n kò rí ohun tí mo lè fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo wá àléébù lára rẹ̀ títí, kò sí. Mo bá hùmọ̀ ọ̀kan. Mo kọ ọ́ pé kò ní pẹ́ ní Àjàṣẹ́. Kí ọdún tó yípo, oyún á gbé e padà wálé, wọn á sì máa ya ìwé rẹ̀ fi wé àkàrà. Mẹ́tìrì kò yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Ó gbọ́kàn lé mi.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí wọ aṣọ tó dáa wá jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, àwọn òbí sì ń wò wá láìmọ ohun tí a ń sọ. Àánú wọn ṣe Mẹ́tìrì. Ó ní, "Bọ́n, dúró ná. Àwọn bàbá wa ò gbọ́. Máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn." Mo ní, "Ọmọkùnrin yìí yóò di mínísítà!" Àwọn àgbà dáhùn pé, "Àṣẹ!" Ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀fẹ̀ ni? Ní tiwa, bí ẹnì kan bá dìde láàárín àwùjọ tó ní báyìí ni ọ̀la ọmọ yóò rí, àdúrà ló ń ṣe, àgbà tó bá sì dákẹ́, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ò dáa. Kódà wọ́n ṣe àṣẹ sí ti onífàyàwọ́, ìyá rẹ̀ sì fi kún un pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ aṣọ́bodè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀ kan, orí mi sì ń wú.

Bí mo ṣe ń sún mọ́ ti ọmọ aránṣọ, mo mọ ohun tó ń bọ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Mo lè fò ó. Mo lè yí i sí rere, nítorí ta ló gbọ́ Faransé nínú àwọn òbí tí yóò mú mi? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwùjọ ń pa mí bí ọtí. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, toyún tàkàrà. Dídáhùn ti mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Wọ́n dáhùn kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wọn. Àmín tí bàbá rẹ̀ ṣe ló ròkè jù. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ni mo wí. Onítọ̀hún tún un sọ fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, kò sì wo ẹnikẹ́ni mọ́ títí a fi túká.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó fún mi ní àga, èyí tó bà mí lẹ́rù ju ẹgba lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò pè ọ́ láti bá ọ jà. Ẹ jọ ń lọ, ẹ jọ ń bọ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí lo rí? Ṣé ọkùnrin kan wà tó ń bá a rìn ni? Sọ ọ́ fún mi, mi ò ní na ẹnikẹ́ni."

Kò ju kí n sọ pé, "Bàbá, irọ́ ni, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀." Ó ti dé ẹnu mi. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, ìlú á gbọ́ pé mo dúró láàárín àgbà mo purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bàbá mi á sì lù mí bí ẹní máa kú. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo rántí pé èmi ni mo ṣe ipò kejì. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo dákẹ́. Ó dúró dè mí pẹ́. Nígbà tó rí i pé n kò ní fọhùn, ó ní mo ṣeun, kí n máa lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Daagbé, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Mẹ́tìrì lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti fi ọmọ náà fọ́kọ. Èmi ni mo gba àyè rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá mi pa adìyẹ, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa, mo sì jẹ ẹran náà dáadáa.

Mo di olùkọ́, mo di dirẹ́kìtọ̀ ilé ìwé, mo fẹ̀yìntì. Mo mọ ọ̀nà Daagbé bí ẹní mowó, síbẹ̀ ó lé ní ogójì ọdún kí n tó gun alùpùpù akérò lọ wá a. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn. Ó dá mi mọ̀ kí n tó kí i tán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dìde jàre. Ẹ̀fẹ̀ yẹn? Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i, ìwọ lo ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ta ni ò mọ ẹnu rẹ?" Ó ṣa ẹyìn díẹ̀ sí i. "Ọjọ́ tí bàbá mi pè ọ́, mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Òun ló ní kí n dúró síbẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ bi mí, mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ó kù kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ. Mo ti di ẹrù Àjàṣẹ́. Mo dúró, mò ń retí kí o dáhùn."

Ó bu omi fún mi, mo mu ún, mo wálé.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àìmọye ọmọ ni mo fi òwe yẹn kọ́ kí n tó fẹ̀yìntì, pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni mo rò pé ó ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè, mo máa ń dáhùn kó tó bèèrè tán. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló ń mú bàbá àgbà ṣe wàdùwàdù.