Ìyẹ̀fun Funfun Lẹ́nu Délé

Ọjọ́ tí ìyá mi ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó Àǹtí Bọ́lá ní Ìkirè kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Àǹtí fẹ́ kí wọ́n fi bọ́tà bò ó, ṣùgbọ́n ìyá mi ní funfun ẹyin àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ló yẹ ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń lu ẹyin lọ́wọ́ ni Délé àbúrò mi jáde láti inú yàrá. Ó ń wúkọ́, ìyẹ̀fun funfun sì kún ẹnu rẹ̀.

Inú yàrá yẹn ni ìyókù ṣúgà wà. Ibẹ̀ náà ni bàbá mi ń kó oògùn kòkó sí, májèlé ni oògùn náà, ìyẹ̀fun funfun sì ni àwọn méjèèjì.

"Délé, kí lo lá?" Ìyá mi figbe ta. Ikọ́ kò jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀. Mo sáré lọ pe bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó.

Bàbá fi ìka nu ẹnu Délé.

"Bàbá Ṣadé, ẹ má fi sẹ́nu o!" Ìyá mi ló fi orúkọ mi pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti tọ́ ọ wò. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. "Ṣúgà ni."

Ọwọ́ ìyá mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń bo kéèkì náà, ojú kéèkì náà sì rí gbágungbàgun. Ní ọjọ́ kejì, níbi ìgbéyàwó náà ní Àpòmù, àwọn àlejò rò pé ọnà ni gbágungbàgun náà, wọ́n ń yìn ín, wọ́n sì ń bèèrè bí ìyá mi ṣe ṣe é.  Ìyá mi kàn fa Délé mọ́ra.