Undergo Tí Súnbọ̀ Kọ

Láàárọ̀ àná, asọ̀ròyìn kan lórí rédíò ní afárá kan máa undergo àtúnṣe. Mo ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, owú àtijọ́ ru sókè nínú mi.

Ajégúnlẹ̀ la wà nígbà náà, nílé onípákó, tí ẹrọ̀fọ̀ máa ń dé ẹnu ọ̀nà bí òjò bá rọ̀. Súnbọ̀ lọ̀rẹ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan ní GRA Àpápá, ó sì máa ń kó ìwé ìròyìn àná bọ̀ wálé fún un. Ìwé ìròyìn tiwa, èyí tí wọ́n fi wé ẹ̀pà ló máa ń wọlé, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti ń dùn ló máa ń ya sí.

Tíṣà ní ká kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa àdúgbò wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ jù ni yóò dìde ka tirẹ̀ níwájú àwọn òbí nígbà tí ọdún bá parí. Mo fẹ́ àyè yẹn débi pé mo ń lá a lálàá. Mo kọ ọ́ pé Ajégúnlẹ̀ ti yí padà. Súnbọ̀ kọ ọ́ pé Ajégúnlẹ̀ ń undergo ìyípadà. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe kọ ọ́," ó ní. "Àdúgbò náà ò dá ara rẹ̀ yí padà. Ìyípadà ló dé bá a, ó sì ń là á kọjá."

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ki undergo bọ ibi gbogbo. Mo ní ìyá mi undergo ọjà, pé èmi náà undergo ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé. Tíṣà ò nà mí, ó kàn kà á sókè. Bí mo ṣe di Ándágò nìyẹn. Fráídè, ọmọ ilé kejì, á ní, "Ándágò, you don chop, abi you don undergo am?" Súnbọ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Kí ọdún tó parí, òyìnbó náà padà sílùú rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá Súnbọ̀, wọ́n sì kó lọ sí Ìjẹ̀bú. Látorí ẹrù nínú lọ́rì ló ti sọ fún mi pé, "Ìwọ lo máa kà á báyìí. Má sáré kà á o."

Èmi náà ni mo kà á. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, ìyá mi sunkún ayọ̀. Bí mo ṣe ń padà síjókòó, mo gbọ́ tí Tíṣà ń sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé, "Ó gbìyànjú. Ká ní Súnbọ̀ wà ni."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ Ajégúnlẹ̀ tí mò ń wí. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ti bo gbogbo rẹ̀. Ìròyìn kíkọ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ mi nínú, mo máa ń tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n mọ ibi tí ti Súnbọ̀ ì bá fi dára ju tèmi lọ.