Igi Inú Kókó Ìró Mi

Màámi ló kọ́ mi bí a ṣe ń so nǹkan mọ́ etí ìró. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wọn ni wọ́n máa ń so mọ́ tiwọn. Èmi, ìnhélà mi ni mo ń so mọ́ tèmi, ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ búlúù tí mo ń fà sẹ́nu bí ikọ́ fée bá dé.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì ni mo sì ti ń jẹun. Ẹni tó ní ikọ́ fée tó tún ń hun aṣọ òkè, àbí ẹ ò rí i pé orí olúwarẹ̀ kò pé? Èérún òwú láàárọ̀, eruku ọyẹ́ lọ́sàn-án, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú, èéfín igbó tí àwọn ọdẹ dáná sun. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi bí mo ṣe lè máa bá a gbé. Ó ní kí n máa fi ìborùn tútù bo imú, kí n yẹra fún ibi tí wọ́n bá ti ń gbọn òwú, kí n máa fa ẹ̀rọ kejì, ti aláwọ̀ búráwùn, láàárọ̀ lálẹ́, kí n sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ti búlúù kò gbọdọ̀ kúrò lára mi. "Ẹ̀mí ẹ nìyí o," ló wí. Màámi wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi fẹ́ wá mọ̀ wá láti Ṣakí, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba màámi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fẹ́ ìyàwó láìwádìí. Wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ẹni tó ń ta omi: ṣé kò sí wèrè nílé yẹn, ṣé kò sí wàrápá, ṣé kò sí ikọ́ burúkú? Èmi ti sọ tèmi fún àfẹ́sọ́nà mi tipẹ́, mo sì jẹ́ kí màámi mọ̀.

"Ọkùnrin gbọ́," ni wọ́n wí, "ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń wé gèlè níwájú dígí nígbà tí màámi wọlé wá bá mi. Wọ́n bá mi tún ìró mi ṣe. Inú mi dùn.

"Gbé nǹkan ẹ wá," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n bá ẹ so ó, kó má lọ já bọ́ lójú àlejò."

Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo sì ń bá gèlè mi lọ. Nígbà tí wọ́n so ó tán, mo fọwọ́ kàn án. Ó le, ó sì wúwo díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Àwọn àlejò jókòó, a ṣe àdúà, ẹnì kan sì dáná sí tùràrí. Èéfín rẹ̀ rọra wá bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún, mímí mi ń súfèé. Mo tú kókó ìró mi. Igi ni mo bá níbẹ̀, igi kékeré tí a ń ká òwú mọ́ nídìí òfì, tí wọ́n gé kúrú kó lè ṣe wẹ́kú ìnhélà mi.

Wọ́n gé e. Ẹ gbọ́ mi ṣá? Màámi jókòó, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Mo gbójú sókè wo màámi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n gbójú sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹní.

Ìyá ọkọ mi ló dìde. Àwọn fúnra wọn ló gbé tùràrí náà síta, wọ́n gbé mi jókòó dáadáa, wọ́n sì ké sí màámi: "Ẹ̀rọ rẹ̀ dà? Ọmọ wa ti sọ fún wa pé ó ní ikọ́ fée. Ìyá ìyàwó, ẹ̀rọ rẹ̀ dà?"

Inú àpótí màámi ló wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró wọn, kókó náà kò sì tètè tú.

Mo fà á, mo dúró díẹ̀, mo tún fà á, títí àyà mi fi là. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo bi màámi léèrè.

"Torí ẹ ni," ni wọ́n wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ̀ ẹ́."

"Ẹ̀ ń wò mí tí mò ń kú lọ, màámi."

Wọ́n ní àwọn rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀ ni. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n sọ "ìwọ" sí ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àlejò ló gbé èéfín kúrò níwájú mi, ìyá mi ń wo ẹní. Ó dùn mí wọnú egungun, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Mo ti bímọ méjì báyìí. A lọ kí wọn nígbà Iléyá tó kọjá. Nígbà tí a fẹ́ padà sí Ṣakí, mo bẹ̀rẹ̀, màámi gbé àbíkẹ́yìn mi pọ̀n mí, wọ́n sì fi ọ̀já gbá a dáadáa. Ọwọ́ wọn wá rọra sọ̀kalẹ̀ síbi etí ìró mi, níbi tí mo ti fẹ́ so ìnhélà mi.

"Jẹ́ kí n bá ẹ so èyí náà," ni wọ́n wí.

"Ẹ ṣeun, màámi," ni mo wí, mo sì so ó fúnra mi.