A Tún Ọkọ̀ Ṣe Fún Àwọn Tí Yóò Fọ́ Ọ

Ọmọ wa àgbà ló gbé ìròyìn náà wọlé. Ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó na fóònù sí bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé pé ìjọba fẹ́ kó àwọn takisí tó ti gbó kúrò ní títì Abidjan. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ àtijọ́ lọ síbi tí wọn yóò ti fọ́ ọ, ìjọba yóò bá a dá sí owó ọkọ̀ tuntun. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìjọba tàbí ìwé, Faransé ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

“Papa, c'est la prime,” ó ní. “Wọ́n máa fún yín ní prime.” Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá àwọn ọmọ bá dìde, ó jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀ níta bí ẹni tí kò rí i rí.

Wôrô-wôrô ló ń wà, takisí tí èrò máa ń dá jọ wọ̀. Láti Abobo tí à ń gbé ló ti ń kó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cocody. Èmi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Treichville. Ọkọ̀ náà ti gbó kí ó tó tẹ ọkọ mi lọ́wọ́. Ó ń mu gasoil bí ẹni tó gbààwẹ̀ mu omi, èéfín rẹ̀ sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́dẹ Cocody kì í fẹ́ kó dúró níwájú gètì ọ̀gá wọn. Ohun tí epo bá ṣẹ́ kù sílẹ̀, mẹkáníìkì ló máa ń gbà á. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé dídúró de ìpè wọn ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ọkọ mi lọ fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn yóò pè é bó bá kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún náwó lé ọkọ̀ náà mọ́. Táyà ń jẹrà, ó ń wò ó. Iná ẹ̀yìn kan kú, ó ní ìkejì ṣì ń ríran. Nígbà tó yá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, irin lórí irin. Láti inú àgbàlá wa ni mo ti máa ń gbọ́ ọ bó bá ti yọ ní kọ̀rọ̀, eyín á sì kan mí.

“Bàbá wọn, bíréèkì yẹn ń pariwo o.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó.”

“Ìyá wọn, ta ní í ra bàtà tuntun fún òkú? Ọ̀la ni wọ́n lè pè mí.”

“Àwọn èrò inú rẹ̀ ńkọ́? Òkú làwọn náà?”

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ síta.

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Bí fóònù bá dún, yóò fi oúnjẹ sílẹ̀. Bí kò bá dún, yóò mú un wò bóyá ó ti kú. Lọ́jà, ọkàn mi kì í sí lára aṣọ. Ẹni tó bá ní kí n gé aṣọ pagne méjì fún òun, mo lè gé mẹ́ta. Bí gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, kan bá tẹ bíréèkì gìrì lójú títì, màá ti dìde dúró. Ọmọ ẹ̀yà Dyula tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi máa ń bi mí pé, “Tantie, níbo lẹ wà?” Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cocody ni mo wà, lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan ní Cocody ní kí n gbé aṣọ wá fún òun. Mo di ẹrù mi, mo jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Ìyá kan tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó dà bí gàrí, wà lẹ́yìn pẹ̀lú ike rẹ̀ lórí itan, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín, ọlọ́dẹ kan wà létí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́dẹ ń jà lé lórí. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo rí ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ó tẹ bíréèkì, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán, ọkọ̀ náà kò sì dáhùn. Kò sí igbe irin mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

“Ẹ di nǹkan mú!” ló kígbe ní Yorùbá. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wọn.

Ó yà fún gbaka kan, ó fi fèrè lé àwọn tó ń sọdá. Àwọn ọkọ̀ aládàáni tó ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú wa ń sún mọ́ wa. Ilé kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, wọ́n sì da yanrìn síwájú rẹ̀ bí òkè. Ọkọ mi yí sitiári pátápátá, ó sì rì wá mọ́ inú yanrìn náà.

Orí mi kan gíláàsì. Nígbà tí mo la ojú, attiéké ti fọ́n kálẹ̀ bí òjò yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré jáde láti inú ilé yẹn, wọ́n ń fà wá jáde, wọ́n ń wí pé, “Yako, yako,” ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò lè tún gbogbo ohun tí mo sọ sọ níbí. Mo bú bíréèkì, mo bú prime, mo bú ẹni tó gbé ọkọ̀ náà dé Abidjan.

Mo wá wò yíká, mo ń wá ọkọ mi. Iwájú ọkọ̀ ló wà. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń wò ó.

Mo fi ìborí mi nu ojú, mo gbé ẹrù mi lérí, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ oníbàárà mi. Kò béèrè aṣọ lọ́wọ́ mi. Omi tútù ló kọ́kọ́ fún mi.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi bá mi níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀.

“O ò bá mi sọ̀rọ̀,” ó ní.

“Ẹ lọ bá ẹ́ńjìnnì yín sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́bàá yanrìn yẹn. O ń bú mi, mo mọ̀ pé o wà láàyè. Ọkọ̀ ni n kò gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Mo yí padà láti dá a lóhùn, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀. Yanrìn àti epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára wọn. Ó kó wọn pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé. Mo gbé omi fún un. Lọ́jọ́ kejì ó lọ kí akẹ́kọ̀ọ́ náà nílé wọn, ó sì ra attiéké padà fún ìyá yẹn. Ìyá náà gbà á, ṣùgbọ́n ó sọ fún un lójú mi pé, “Vieux père, n kò ní wọ ọkọ̀ rẹ mọ́.” Ó tẹ orí ba, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì wà lórí ìdúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nígbà tí ìpè dé. Inú wa dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Obìnrin tó pè é fi kún un pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kí iná rẹ̀ máa tàn, kí bíréèkì rẹ̀ sì mú. Èyí tí wọ́n bá fi okùn fà wá, àwọn kò ní gbà á, nítorí àwọn kan ti ń hú òkú ọkọ̀ jáde nínú igbó láti fi gba prime.

Mẹkáníìkì náà, ọmọ Dyula kan tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ pẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Kòrò,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, “a ń wẹ̀ fún àgbò Tabaski nìyí.” Tabaski ni wọ́n ń pe Iléyá níbí.

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ bíréèkì, wọ́n ṣe iná, wọ́n na iwájú tó wọlé. Gbogbo ohun tó kọ̀ láti ṣe fún àwọn èrò, ó ṣe é fún ẹ̀rọ tí yóò fọ́ ọ.

Èmi náà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ tó ń gbé e lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé ó lọ. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Ọkọ̀ náà ń rìn wọ́ọ́rọ́, kò ké, kò gbọ̀n. Bó ti kan iná pupa, tí ọkọ mi tẹ bíréèkì díẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó wò mí nínú dígí.

“Ká ní mo ti ṣe é báyìí látijọ́...”

“Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín.”

Iná ti di àwọ̀ ewé.

Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ bíréèkì, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tán. Ní ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ onírin kan ń fi ọwọ́ gbé takisí míì, ó ń tẹ̀ ẹ́, gíláàsì ń já bọ́. Àwọn ọkùnrin tó ní ọkọ̀ dúró ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń wò ó. Ọkọ mi ní kí a máa lọ, kí ó tó kan tiwa.

Gbaka la wọ̀ padà sílé. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi kò ti jẹ́ èrò lẹ́yìn ẹlòmíràn. Gbogbo ibi tí awakọ̀ bá ti yẹ kó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ gbaka mọ́lẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sinmi.

Ọkọ̀ tuntun kò tètè dé. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù pé ìjọba ti gbàgbé wa. Ọkọ mi ń fọ abọ́ tó mọ́, ó ń to àga, ó ń tú u. Nígbà tó wá dé, funfun, kékeré, ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó rò pé ó ti kú. Epo tó ń mu kò tó nǹkan. Gbèsè ilé ìfowópamọ́ wà lórí rẹ̀, nítorí náà kò sí ìsinmi fún un, àní lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi pè mí lọ́jà ní ọ̀sán gangan.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Iná kékeré kan tàn níwájú mi. N kò mọ ohun tó ń sọ.”

“Níbo lẹ wà báyìí?”

“Mo ti sọ èrò kalẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní òun náà kò mọ̀ ọ́n, à ń pe ọmọ rẹ láti wá kà á.”

Mo ní kó dára. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì mú aṣọ oníbàárà tó dúró níwájú mi. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n, kí n tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.