Páálí Ọta Lẹ́nu Géètì Bàbá Alton

Ẹ má pe Verlene Stroud ní ọ̀lẹ o. Lóòótọ́, orí ilẹ̀ baba ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní Texas, ṣùgbọ́n oko bàrà olómi ẹ̀yìn ilé yẹn, òógùn rẹ̀ ló fi gbìn ín. Àfi bí ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ṣe rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ ọ̀kan tán. Á bu tibí jẹ, á bu tọ̀hún jẹ, á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Dwight ọkọ rẹ̀ sì wà lójú òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Kó tó dé, ẹ̀pà ò ní bóró mọ́.

Ìbọn kúkú wà nílé. Ọta ńlá ni gbogbo wọn ń jẹ, irú tí wọ́n ń pè ní ọ̀ọ́dúnrún-lé-mẹ́jọ, torí òun nìkan ni Bàbá Alton, baba ọkọ rẹ̀, ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú àgọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin ti ṣẹ́ Verlene léjìká rí, irin ni wọ́n fi so eegun náà. Bí ìbọn ọta ńlá bá dún, tí ìdí rẹ̀ tì í lẹ́ẹ̀kan péré, apá á kú.

Ni òun àti Bàbá bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Garlan tó ń ta ìbọn. Garlan gbé ìbọn fẹ́lẹ́ kan lé e lọ́wọ́, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá yìn ín, á kó ọta mìíràn sẹ́nu fúnra rẹ̀.

"Ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní igba-lé-mẹ́tàlélógún lèyí ń jẹ," Garlan wí. "Kò ní tì ọ́, kò sì síbi tí o ò ti ní rí ọta rẹ̀ rà. Ẹlẹ́dẹ̀ á kú, èjìká á yè."

Bàbá yínmú. "Ọta èkúté! Ẹlẹ́dẹ̀ á rò pé eṣinṣin ló bà lé òun."

"Bàbá, ṣé ká fi dán yín wò?" Garlan bi í.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Bàbá ló kọ́kọ́ tán.

"Clete àbúrò mi, oríṣi ọta méjì ló kó sílé. Ó ki ọta ìbọn kan bọ òmíràn, ìbọn fọ́ mọ́ ọn lójú. Látọjọ́ náà, oríṣi kan ṣoṣo ló ń wọ ilẹ̀ mi."

"Ọta tìyẹn ló jọra, Bàbá," Garlan wí. " Eléyìí àti tiyín, ọmọńdinrín àti àtàǹpàkò ni. Ta ló máa ṣì wọ́n mú?"

"Lọ sọ ọ́ fójú Clete."

Verlene gbé ìbọn náà sí èjìká. Kò dùn ún rárá. "Èyí ni mo fẹ́, sà."

"Rà á, ọmọ mi. Owó ẹ ni."

Ó sanwó ìbọn náà àti páálí ọta rẹ̀ kan, inú rẹ̀ sì dùn títí Bàbá fi wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ṣí géètì. Ó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí Bàbá tó sọ̀rọ̀.

"Ìbọn lè wọlé. Páálí ọta yẹn ò ní wọ̀ ọ́."

"Ah! Kí ni mo wá fẹ́ fi yìn ín, Bàbá?"

"Tèmi kún inú àgọ́."

"Èjìká mi ńkọ́?"

"Mo mọ̀." Omi ti ń bọ́ lójú Bàbá. "Èmi ni mo gbé Clete lọ sọ́sibítù. Mi ò ní gbé ìwọ."

Ìbá ṣe pé ó bú u ni, Verlene ì bá bá a jà. Ta ní í bá ẹni tómi ń bọ́ lójú rẹ̀ jà? Ilẹ̀ Bàbá ni, ibo ló sì fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ? Láti ibi tó jókòó, ó ń wo ẹ̀yìn dúdú ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta láàárín bàrà, lọ́sàn-án gangan.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé páálí náà sídìí òpó, lápá òde. Ó ṣí géètì, ọkọ̀ wọlé; òun náà wọlé, ó tì í, ó sì fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ. Ẹlẹ́dẹ̀ kan gbójú sókè, ó wò ó, ó sì bu bàrà mìíràn jẹ.