Ìyá Àdúrà Mu Omi Inú Ọkọ̀ Mi

Wọ́n ti mu omi tí mo fi ń dán ọkọ̀ mi wò lónìí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ tí mo fi ń kó èrò ọjà Òkukù kọjá Odò Ọ̀tìn ń jò nísàlẹ̀, níbi tí igi ìdí rẹ̀ ti so mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́. Mo fi òwú àti ọ̀dà dí i. Mo gbé e sórí igi, mo rọ omi kún inú rẹ̀, kí n lè rí ibi tó bá ṣì ń kán. Ọ̀la lọjà.

Mo lọ jẹun. Ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣọ́ ọ.

Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ti gbẹ. Ìyá Àdúrà àtàwọn ará ìjọ rẹ̀ dúró tì í nínú aṣọ funfun, igbá lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló gbọ́n omi mi?"

"Bàbá, òjò ò rọ̀, ọkọ̀ yín sì kún fómi lórí ilẹ̀. A mọ̀ pé omi ìbùkún ni. A ti mu ún."

"Ọ̀dà wà nínú ẹ̀."

"Ó korò lóòótọ́. A rò pé oògùn ni."

"Ṣé ó ń jò kẹ́ ẹ tó gbọ́n ọn?"

"Omi ìbùkún kì í jò, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Ìyá Àdúrà wo odò, ó wo ọkọ̀, ó gbé garawa.

"Ẹ jẹ́ ká pọn òmíràn sí i ná."

Gbogbo ìjọ ló ń pọnmi báyìí. Èmi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mò ń wo ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló máa bá mi wọkọ̀ lọ́la?